Mẹ́mọ́rì Ò Jò, Ẹni Tó Ń Pín In Ni Ò Dá A Padà

Ọjọ́ kẹta tí mo ti ń wo gíráàfù kan náà nìyẹn. Ètò kan tá a ń bójú tó níbi iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ẹ̀ ò le rárá, á gba ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn ètò míì, á ṣe ìṣirò díẹ̀, á dá èsì padà, ó parí. Tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, mẹ́mọ́rì tó ń lò máa ń mọ níwọ̀n, tó bá fi máa dalẹ́ ó ti ga, lọ́jọ́ kejì á tún ga sí i, tá ò bá sì tètè ṣe nǹkan sí i kernel, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, máa pa á torí pé mẹ́mọ́rì ti tán lórí sáfà. A wá ń pa á fúnra wa. A kọ ìlà kan sínú cron, ètò tó máa ń ṣe iṣẹ́ lákòókò tá a bá dá fún un, pé kó máa pa á ní òru ọjọ́ méjì-méjì kó sì tún un tàn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, àmọ́ ó jẹ́ ká rí oorun sùn.

Gbogbo èèyàn ló ní ó ń jò, ìyẹn ni pé ó ń gba mẹ́mọ́rì tí kì í dá padà. Èmi náà ní ó ń jò. Mo ka kóòdù ẹ̀ látòkè délẹ̀, mi ò rí nǹkan. Mo fi Valgrind, irinṣẹ́ tó ń wá ibi tí mẹ́mọ́rì ti ń jò, wò ó, Valgrind ní gbogbo ohun tá a gbà la dá padà, kò sí byte kan tó sọnù. Mo ní irọ́ ni, mo tún un ṣe, ó tún sọ ohun kan náà. (Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí á mọ bó ṣe máa ń rí, tó bá ti rẹ èèyàn, irinṣẹ́ gan-an lèèyàn á máa bá jà.) Ìgbà yẹn ni ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ kọjá lẹ́yìn mi, àgbà ni wọ́n, wọ́n ti ń kọ èdè C kí n tó mọ kọ̀ǹpútà, wọ́n wo ojú ẹ̀rọ mi díẹ̀, wọ́n ní, "Malloc wo lẹ ń lò níbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣebí malloc ni malloc." (Malloc ni ètò C fi ń béèrè mẹ́mọ́rì, free ló fi ń dá a padà.)

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ó dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́. Àmọ́ ìbéèrè yẹn ni mi ò tíì rí ìdáhùn ẹ̀ tán títí dòní, ohun tí mo sì fẹ́ kọ nípa ẹ̀ rèé, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa tá a ń fi àwọn allocator, ìyẹn àwọn tó ń pín mẹ́mọ́rì fún ètò, wé ara wọn, ohun tó rọrùn láti wọ̀n là ń wọ̀n, a kì í wọn ohun tó ń dun ètò wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti ṣìnà. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì. Kernel kì í gbọ́ "fún mi ní byte 40". Page ló mọ̀, lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tá à ń lò page kan jẹ́ byte 4096, odindi ló sì máa ń fúnni. Ètò tiwa ńkọ́, ó ń béèrè byte 40 níbí, byte 200 lọ́hùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó dúró láàárín wọn ni allocator. Òun ló ń gba ilẹ̀ gbọọrọ lọ́wọ́ kernel, á gé e sí wẹ́wẹ́, á máa pín in, tá a bá sì dá tọwọ́ wa padà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibí yìí ti ṣófo. Mo ti rò látọjọ́ yìí pé tí mo bá ti pe free, ó ti délé kernel nìyẹn. Rárá o. Ọ̀dọ̀ allocator ló padà sí. Bóyá allocator máa dá a padà fún kernel, ìgbà wo ló máa dá a padà, ọwọ́ ẹ̀ nìyẹn kù sí. Tí byte 4000 bá sì ti ṣófo nínú page kan, tí nǹkan kékeré kan ṣoṣo ṣì jókòó sínú ìyókù, page yẹn ò ṣeé dá padà. Ó há nìyẹn.

A ò sì lè sọ pé ká gbé nǹkan kékeré yẹn lọ síbòmíì, torí nínú C àti C++, tó o bá ti fún ẹnì kan ní àdírẹ́ẹ̀sì, o ò lè yí i padà mọ́ lẹ́yìn ẹ̀, o ò mọ iye ibi tó ti kọ ọ́ sí. J. M. Robson ti fi ìṣirò hàn láti àwọn ọdún 1970 pé kò sí bí irú allocator bẹ́ẹ̀ ṣe lè gbọ́n tó, ẹni tó bá fẹ́ da á láàmú lè kọ ètò tó máa sọ mẹ́mọ́rì ẹ̀ di àjákù, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ tó máa nílò á ju ohun tí wọ́n ń lò gan-an lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìgbà tí mo ka ìyẹn ni ara mi balẹ̀ díẹ̀. Kò sí èyí tó máa borí níbi gbogbo. Kálukú wọn ló ní irú ètò tó máa rí fín-ín lójú ẹ̀.

Ó dáa, malloc wo là ń lò? Tó o bá wà lórí ọ̀pọ̀ Linux tó ò sì mú ìkankan, ti glibc, àkójọ kóòdù C tí ọ̀pọ̀ ètò orí Linux gbára lé, lo mú. Ọdún 1987 ni Doug Lea bẹ̀rẹ̀ sí í kọ dlmalloc, iṣẹ́ tó gún ni, àmọ́ kò kọ ọ́ fún ayé tí ọgbọ̀n thread (àwọn ọwọ́ tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ètò kan) á ti máa béèrè mẹ́mọ́rì lẹ́ẹ̀kan náà. Wolfram Gloger ló mú un tó tún un ṣe fún thread, ó di ptmalloc, èyí tí glibc sì gbà wọlé nìyẹn. Ọgbọ́n tó dá ni arena. Dípò kí gbogbo thread tò sẹ́nu lọ́ọ̀kì kan, jẹ́ ká ní agbègbè púpọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lọ́ọ̀kì tiẹ̀, kí àwọn thread pín ara wọn sínú ẹ̀. Lórí ẹ̀rọ 64-bit, iye arena tó lè dá dé ìlọ́po 8 iye core (ẹ̀ka tó ń ṣe ìṣirò nínú CPU) tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: core 16, arena 128, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ sì máa ń fi ààyè 64MB sílẹ̀ de ara ẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì lásán ni o, kì í ṣe RAM gidi, torí ẹ̀ ni àwọn kan ṣe máa ń pariwo pé ètò wọn ń jẹ gígábáìtì mélòó kan nígbà tí kò tíì jẹ nǹkan kan.

Èyí tó ń jẹ RAM gidi nínú ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ síyẹn. Ohun tó bá ti inú arena kan jáde, inú arena yẹn ló ń padà sí. Thread tó wà ní arena kejì ò rí i lò. Nítorí náà ilẹ̀ á ṣófo níbì kan, lẹ́sẹ̀ kan náà wọ́n á tún máa lọ bẹ kernel fún ilẹ̀ tuntun níbòmíì, àwọn thread wa sì pọ̀, ìbéèrè tó ń wọlé sì jẹ́ oríṣiríṣi ìwọ̀n. Mo fẹ́ mọ̀ dájú bóyá òun nìyẹn. Mo so gdb, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kéèyàn wo inú ètò, mọ́ ètò náà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, mo ní kó pe malloc_trim(0), ìyẹn iṣẹ́ kan nínú glibc tó máa ń yẹ gbogbo arena wò, tí gbogbo page tó bá ṣófo pátápátá nínú ẹ̀ á padà sọ́dọ̀ kernel. Gíráàfù tó ti ń gùn láti àná bọ́ sílẹ̀ gbà, bí ìgbà tí wọ́n já okùn ẹ̀.

Mo jókòó, mo ń wò ó. Kò jò rárá. Gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀, ẹni tó ń pín in ló fọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tó tún wá pa mí lẹ́rìn-ín ni Valgrind. Mi ò mọ̀ pé tó bá ń ṣiṣẹ́, malloc tiẹ̀ ló máa ń fi rọ́pò èyí tí ètò ń lò. Allocator mìíràn pátápátá ni mo ti ń yẹ̀ wò láti ọjọ́ mẹ́ta, mo wá ń bínú pé kò rí ẹ̀sùn kankan fi kan ti glibc!

Àtúnṣe tó yá jù ni MALLOC_ARENA_MAX, èyí téèyàn fi ń sọ fún glibc iye arena tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Mo fi í sí 2, mẹ́mọ́rì rọlẹ̀, inú mi dùn, ó tó wákàtí kan kí n tó wo apá kejì ojú ìwé, kí n wá rí i pé àwọn ìbéèrè kan ti ń pẹ́ kí wọ́n tó rí èsì. Lóòótọ́, thread púpọ̀ tí wọ́n ti wà káàkiri arena, mo kó gbogbo wọn sẹ́nu ọ̀nà méjì, wọ́n wá ń du lọ́ọ̀kì. Bí mo ṣe dé ibi ká dán àwọn míì wò nìyẹn. Lórí Linux kò le, fáìlì allocator tó o bá fẹ́, o fi orúkọ ẹ̀ sínú LD_PRELOAD, o tan ètò ẹ, ó ti gba ipò malloc, o ò tún kóòdù kankan kọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Benchmark (ìdánwò ìyára) àkọ́kọ́ tí mo kọ ni: gba byte 64, dá a padà, tún un ṣe ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Mo fi glibc, jemalloc, tcmalloc àti mimalloc ṣe é. Gbogbo wọn parí kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Mo ní haà, ayé ti yára báyìí? Ìgbà tí mo wo ohun tí compiler, ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, kọ jáde ni mo rí i pé kò sí malloc kankan níbẹ̀. Compiler rí i pé mo gbà á mi ò lò ó, mo tún dá a padà, ó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ìyípo asán ni mo ń wọ̀n. Mo fi ọgbọ́n díẹ̀ sí i kó má lè pa á rẹ́ mọ́, mo tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ṣiṣẹ́, gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà.

Ó yẹ kí wọ́n rí bákan náà! Láti glibc 2.26, tó jáde ní 2017, òun náà ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní tcache. Thread kọ̀ọ̀kan ní àpò kékeré tiẹ̀, nígbà tó jáde àpò yẹn máa ń gba nǹkan 7 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ohun tó bá wà nínú ẹ̀ kò nílò lọ́ọ̀kì rárá. Tí mo bá gba ọ̀kan tí mo dá ọ̀kan padà, inú àpò yẹn náà ni mo ń mú un tí mo ń dá a sí, mi ò kan ohun tó ṣòro níbì kankan. Gbogbo àwọn allocator òde òní ló ní irú àpò yìí. Ó dàbí ìgbà téèyàn fẹ́ mọ ẹni tó lè sáré jù, tó wá ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan síwájú kí wọ́n gbé e padà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rí gidi ni ibi tí thread kan bá gba mẹ́mọ́rì tí thread míì wá dá a padà. Ètò tiwa kún fún un: thread kan á gba ìbéèrè wọlé, á jù ú sínú ìlà, òmíràn á mú un, á ṣe iṣẹ́ ẹ̀, òun ló máa pe free. Àpò thread àkọ́kọ́ á máa gbẹ ní gbogbo ìgbà, ti ìkejì á máa kún àkúnya. Paul Larson àti Murali Krishnan ti rí irú nǹkan yìí lórí sáfà, tí wọ́n fi kọ ìdánwò kan ní 1998 tí wọ́n ṣì ń lò dòní, nǹkan tí thread kan bá gbà, òmíràn ló máa bá a dá a padà. Ní 2000, Emery Berger àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé Hoard jáde, ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ni pé wọn ò fi mọ sí pé tiwọn yára, wọ́n fún àìsàn náà lórúkọ: blowup, kí mẹ́mọ́rì tí ètò ń gbà máa gùn láìdúró nígbà tí ohun tó ń lò gan-an ò yí padà. Wọ́n tún tọ́ka sí false sharing, ìyẹn kí allocator fi nǹkan thread méjì sínú ìlà cache (ẹyọ mẹ́mọ́rì kékeré tí CPU ń mú lẹ́ẹ̀kan) kan náà, kí CPU méjì wá máa já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láìmọ̀ pé kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Kò sí ìkankan nínú ìyẹn tó lè hàn nínú ìyípo tèmi.

Mo wá kọ ìkejì, èyí tó jọ ètò wa. Mo jẹ́ kí ètò gidi kọ gbogbo malloc àti free ẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìwọ̀n wo, thread wo, ìgbà wo, mo sì kọ ohun tó máa tún un ṣe bó ṣe wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya ara wọn sọ́tọ̀.

Mimalloc ló yà mí lẹ́nu jù. Daan Leijen ní Microsoft Research ló kọ ọ́, ó jáde ní 2019, èdè kọ̀ǹpútà Koka àti Lean ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é fún, èdè tó máa ń gba nǹkan kéékèèké lọ súà. Ohun tó ṣe kò díjú: page kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ àyè òfo tiẹ̀, kò ní ọ̀kan gbòógì fún gbogbo ayé, page kọ̀ọ̀kan sì tún ní ìwé kejì tó jẹ́ ti àwọn thread àjèjì. Tí thread àjèjì bá fẹ́ dá nǹkan padà, á kàn kọ ọ́ sínú ìwé kejì yẹn, kò ní dí ẹni tó ni ín lọ́wọ́, ẹni tó ni ín á kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tó bá ráyè. Snmalloc, tó jáde lọ́dún yẹn kan náà látọ̀dọ̀ àwọn míì ní Microsoft Research, mú un ju bẹ́ẹ̀ lọ, á kó àwọn nǹkan tó jẹ́ tàwọn ẹlòmíì jọ, á wá fi ránṣẹ́ sí wọn bí ẹni fi lẹ́tà ránṣẹ́. Lórí ìdánwò kejì mi, mimalloc ló kọ́kọ́ parí.

Tcmalloc ti Google, orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí malloc tó ní àpò fún thread, àmọ́ tuntun tí wọ́n gbé síta ní 2020 ti kúrò níbẹ̀, CPU ló ń fún ní àpò báyìí. Ó bọ́gbọ́n mu tẹ́ ẹ bá rò ó, ètò lè ní ẹgbẹ̀rún thread kó sì jẹ́ pé CPU 16 ló wà, kí ni èèyàn fẹ́ fi àpò ẹgbẹ̀rún ṣe? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kernel lè gbé thread kúrò lórí CPU nígbà tó ń tọwọ́ bàpò, ohun tí wọ́n fi yanjú ìyẹn ni rseq tó wọ Linux 4.18 ní 2018, tó máa ń jẹ́ kí thread mọ̀ pé wọ́n dí òun lọ́wọ́, kó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí èrò mi ti yí padà gan-an ni iṣẹ́ tí àwọn ará Google kan náà gbé jáde ní 2021 ní OSDI, àpérò àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n pè ní Temeraire. Gbogbo èèyàn ti ń rò pé allocator tó dáa ni èyí tó ń parí malloc kíákíá. Wọ́n ní rárá, àkókò tí malloc ń jẹ kéré sí àkókò tí ètò á fi máa lo ohun tí malloc fún un. Tí allocator bá fara balẹ̀ tó to nǹkan sínú page ńlá, 2MB dípò 4KB, CPU ò ní máa wá àdírẹ́ẹ̀sì kiri, ètò fúnra ẹ̀ á yára. Lórí ètò mẹ́jọ tí wọ́n yẹ̀ wò, iye ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá lọ sókè ní ìdá 7.7 nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń lò sì tún dínkù sí i. Ohun tí malloc fún ẹ, ibo ló gbé e sí? Kò sí benchmark mi kankan tó ti bi í ní ìbéèrè yẹn.

Jemalloc sì rèé, tí mo máa gbà pé mo fẹ́ràn jù, tẹ́ ẹ bá sì ní mò ń ṣègbè mi ò ní jiyàn. Jason Evans ló kọ ọ́ ní 2005, FreeBSD, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Linux, gbà á rọ́pò phkmalloc ti Poul-Henning Kamp, Firefox 3 gbà á ní 2008, Facebook lò ó káàkiri. Kì í fi gbogbo ara sáré. Ó pín ìwọ̀n sí ọ̀nà mẹ́rin láàárín ìlọ́po méjì kọ̀ọ̀kan, tó o bá béèrè byte 129, 160 ló máa fún ẹ, òfò tó ń ṣe lórí ìyẹn kì í pọ̀, ó sì ní àkókò: page tó bá ti ṣófo, bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tàbí bẹ́ẹ̀ á ti máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọ́, ohun tí mo ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn, allocator tó máa ń ranti pé ohun ọwọ́ òun kì í ṣe ti òun.

Bí wọ́n ṣe ń dá a padà náà tún ní wàhálà tiẹ̀. Láti Linux 4.5, èèyàn lè fi MADV_FREE sọ fún kernel pé "mi ò nílò page yìí mọ́, mú un nígbà tó bá wù ẹ́". Tí nǹkan ò bá há fún kernel, kò ní mú un, gíráàfù á sì máa fi hàn pé ọwọ́ ètò ló ṣì wà. Àwọn tó ń kọ èdè Go lo ìyẹn láti Go 1.12, nígbà tó di Go 1.16 wọ́n padà sí MADV_DONTNEED tó ń mú un lójú ẹsẹ̀, torí àwọn èèyàn ń wo gíráàfù wọn, wọ́n ń rò pé ó ń jò. Mo rí ara mi nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Àwọn kan wà tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni sáré, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi wọ́n sínú tábìlì àwọn ni yóò wà nísàlẹ̀, ìyẹn ò sì tọ́ sí wọn. OpenBSD mọ̀ọ́mọ̀ ń da nǹkan rú nínú malloc ẹ̀, kí ọlọ́ṣà má lè mọ ibi tí nǹkan wà. Android lo Scudo láti Android 11, nítorí ààbò náà ni. Musl, tí Alpine Linux ń lò dípò glibc, kóòdù kékeré tó ṣeé kà ló wù wọ́n, wọ́n tún malloc wọn kọ ní 2020 kó lè le sí i lọ́wọ́ aṣebi, àmọ́ ètò tó ní thread púpọ̀ ṣì lè falẹ̀ lórí ẹ̀ débi tí wàá fi rò pé ẹ̀rọ ẹ ló bà jẹ́. Ẹni tó bá gbé ètò ẹ̀ láti glibc lọ sórí Alpine nítorí kí image ẹ̀ (àpò tí wọ́n di ètò náà sí) lè kéré, kó rántí pé ó pààrọ̀ allocator náà nìyẹn.

Nínú kernel gan-an, ìjà kan náà ni wọ́n ń jà, ó kàn jẹ́ pé wọn ò ní ẹni tí wọ́n máa lọ bẹ. Nísàlẹ̀ pátápátá ni buddy allocator wà, èrò tí Kenneth Knowlton kọ jáde ní 1965, tó ń pín page sí ìlàjì-ìlàjì, tí àwọn ìlàjì méjì bá sì ṣófo wọ́n á tún di ọ̀kan. Lórí ìyẹn ni Jeff Bonwick kọ́ slab sí fún Solaris 2.4, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní 1994: nǹkan tó jẹ́ irú kan náà, kó wọn sójú kan náà, má sì tú wọn palẹ̀ tán tí wọ́n bá padà dé, torí ẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè irú ẹ̀ náà. Linux gba èrò yẹn tó fi ní mẹ́ta tó jọ wà pọ̀: SLAB, SLOB fún ẹ̀rọ kékeré, àti SLUB tí Christoph Lameter mú wọlé ní 2007. Ọdún tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni SLAB àti SLUB fi jọ ń gbé nínú ilé kan, torí gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá ní ká yọ SLAB, ẹlòmíì á gbé iṣẹ́ kan jáde tí SLAB ti yá jù. SLOB lọ ní Linux 6.4, SLAB lọ ní 6.8 ní 2024. Ohun tó sì pa á kì í ṣe pé wọ́n borí ẹ̀ nínú gbogbo ìdánwò, ó sú àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ láti máa ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí tèmi. Mo kó èsì ìdánwò kejì jọ, mo ya gíráàfù tó rẹwà, mimalloc lókè, àwọn tó kù ń tẹ̀ lé e, mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀. Wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n ní, "Ọjọ́ mélòó lẹ fi ṣe é?"

Mo ní wákàtí kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, àmọ́ mo tún ti gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí sáfà gidi fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní, "Ọ̀sẹ̀ kan? Ìlà cron yẹn ńkọ́?"

Ẹnu mi wọhò. Ìlà tó ń pa ètò náà lóru ọjọ́ méjì-méjì ṣì wà níbẹ̀. Mẹ́mọ́rì tó ń di àjákù kì í yọjú lọ́jọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ló ń gorí ara ẹ̀, èmi sì ń nu ilẹ̀ mọ́ fún gbogbo wọn ní gbogbo wákàtí 48. Ọ̀sẹ̀ kan tí mo ń fọ́nnu pé mo wọ̀n, ọjọ́ méjì ni, tí mo tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹta àtààbọ̀.

Mo yọ ìlà yẹn, mo tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gba sùúrù, ó tó kí wọ́n ti gbàgbé pé mo ń ṣe é. Lórí ètò tiwa, pẹ̀lú irú ìbéèrè tó ń wọlé síbẹ̀ (mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ sí tiẹ̀), glibc gùn títí ó fi fẹ́ dé ibi tó máa ń kú sí. Mimalloc dúró dáadáa, ó ga díẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Tcmalloc náà dúró, òun ló sì ní ìdáhùn tó yá jù nígbà tí èrò bá pọ̀. Jemalloc ló wà nísàlẹ̀ jù, ó ń gòkè lọ́sàn-án ó ń sọ̀ lóru, bí ìbéèrè ṣe ń pọ̀ tó sì ń dínkù. Òun la mú. Kì í ṣe torí mẹ́mọ́rì nìkan o, èèyàn lè bi í pé kí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, á sì sọ ọ́ fún un ní nọ́ńbà, arena sí arena, ìwọ̀n sí ìwọ̀n. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko bi glibc ní ìbéèrè yẹn, n kò mọ̀ pé mi ò bi í dáadáa.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹfà 2025, Jason Evans kọ̀wé pé iṣẹ́ jemalloc ti parí lọ́wọ́ òun, wọ́n sì sọ ibi tí kóòdù ẹ̀ wà di ti kíkà lásán. Ọ̀gá wa fi ránṣẹ́ sí mi láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Mo ti ṣírò ìyára, mo ti ṣírò mẹ́mọ́rì, mi ò ṣírò ẹni tó máa tún un ṣe tó bá bà jẹ́.

A ò tíì yí i padà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ mo ti gbé tcmalloc sórí sáfà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, láìsí cron, ọjọ́ kọkànlá nìyí, ìlà ẹ̀ ṣì wà ní gbọọrọ, mo sì máa ń dédé ṣí i wò kí n tó sùn.